Koríko Ló Ń Mú Ọ Sín, Kì í Ṣe Ikọ́ Ife

Nima, Accra
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀

Rúkáyátù, Àníkẹ́ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ. Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí mo ti fi ojú ara mi rí i pé kò le, mo sì ti rí ohun tí wọ́n ń fi ọ́ ṣe nítorí rẹ̀. Inú ń bí mi. Kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí o tó kà á dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, màá pariwo, ìwọ á sunkún, ẹnì kankan ò ní gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ìwé. Mo mọ̀ pé Yorùbá tí o gbọ́ ju èyí tí o lè sọ lọ. Kà á sókè. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọ, bi ọkọ rẹ. Ó tilẹ̀ yẹ kí òun náà gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú tí mo wá kí yín ní Dodowa láìsọ tẹ́lẹ̀, inú mi dùn dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo gbé iṣu mẹ́ta dání. Àǹtí Sàfúrà, ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ rẹ, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Òun àti Sùlé ọkọ rẹ ń jẹun nínú pálọ̀, nínú àwo ńlá kan. Mo wò yíká.

Mo ní, "Ìyàwó yín ńkọ́?"

Àǹtí ní, "Ó wà lẹ́yìn."

Mo bá ọ lẹ́yìn ilé lóòótọ́, lórí àpótí, ìwọ nìkan. Wọ́n so òwú pupa mọ́ etí kọ́ọ̀bù rẹ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú. Iwájú rẹ gan-an, ilẹ̀ tí wọn ò tíì kọ́lé sí, koríko ti ga dé ìbàdí èèyàn, ó ti yọ òdòdó, afẹ́fẹ́ sì ń gbọ̀n ọ́n sí ọ lójú. Ẹ̀ẹ̀méje lo sín kí o tó lè sọ pé, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá." Ojú rẹ pọ́n, ó wú.

Mo ní, "Kí lo ń ṣe níbí?"

"Àǹtí ní kí n máa jẹun níbí títí ó fi máa lọ."

"Kí ni kí ó lọ?"

"Wọ́n ní ó jọ ikọ́ ife. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lára."

Ó ti mọ́ ọ lára! Ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n, tí mo rán lọ sílé ìwé, ìyà ti mọ́ ọn lára láàárín oṣù mẹ́rin tó wọlé ọkọ! Wò ó, ohun tó dùn mí jù nìyí: koríko yẹn ló ń mú ọ sín. Wọ́n wá gbé àpótí fún ọ sínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí èèrùn ń ta, tí wọ́n ní kí ó lọ jókòó lórí ilé èèrùn kí ara rẹ̀ lè balẹ̀.

Ilé àna kì í ṣe ilé ìjà, mo sì gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Ṣùgbọ́n o rí ohun tí mo ṣe. Mo gbé kọ́ọ̀bù olówùú pupa náà wọ pálọ̀, mo dúró níwájú Àǹtí Sàfúrà, mo mu omi inú rẹ̀ tán, mo dúpẹ́, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Nínú tròtrò, ọkọ̀ èrò tí mo wọ̀ láti Dodowa dé Madina, mo fi ìborùn wé ara mi pinpin. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Maame, ṣé òtútù ń mú yín ni?" Mo ní, "Rárá o, ìbínú ni."

Nígbà tí mo délé, mo jókòó, mo bi ara mi léèrè ìdí tí ìbínú náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èsì tí mo rí kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n ìwọ ni màá sọ ọ́ fún.

Nígbà tí bàbá rẹ mú mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò tíì pé ogún ọdún. Agboolé tí a gba yàrá sí ní Nima, ìdílé mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wa sì ń bu omi nínú àgbá kan. Obìnrin kan wà ní yàrá ìkangun, Mémúnà, tó ń rán fìlà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí eruku bo gbogbo nǹkan, Mémúnà á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Á sín láàárọ̀, á sín lọ́sàn-án, á máa fi etí ìborùn nu ojú. Kò wúkọ́, kò rù. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá agboolé pàdé, wọ́n ní á kó o ran àwọn ọmọ. Wọ́n ní kí ó ní igbá tirẹ̀, kí ó má sì fọwọ́ kan àgbá omi mọ́. Ta ni wọ́n rán sí i? Èmi ni. Ìyàwó tuntun tó ń wá ojúrere gbogbo ayé, èmi ni mo gbé igbá náà lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ó wò mí. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o ti rí i kí n tutọ́ ẹ̀jẹ̀ rí?"

Mo ní, "Rárá."

"Ṣé o ti gbọ́ kí n wúkọ́ rí?"

"Rárá. Àwọn àgbà ló rán mi."

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́? Kí ni ìwọ rò?"

Mo gbé igbá sílẹ̀, mo kẹ̀yìn sí i. Kí ọyẹ́ náà tó tán, ó ti kó jáde. N kò rí i mọ́ kí n tọrọ àforíjì.

Nítorí náà, bí mo ṣe ń bínú sí Àǹtí Sàfúrà, ara mi ni mo ń bínú sí pẹ̀lú. Mo mọ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbé igbá náà ṣe rí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn nìyí: bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ni ìwọ rò, dáhùn. Má ṣe bíi tèmi.

Ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó bẹ̀rẹ̀ lára mi. Imú ń ṣomi bí ẹ̀rọ tí wọn ò ti dáadáa, ojú ń yún mi, òkè ẹnu ń yún mi débi pé ahọ́n ni mo fi ń họ ọ́. Ṣé mo wí fún ẹnikẹ́ni? Ta ló máa wí! Mo ń sá fún igbá. Mo ra oògùn lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó nínú tròtrò. Oògùn náà ń wo imú, ó ń wo ojú, ó ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó tún ń wo àìróorunsùn, gbogbo rẹ̀ nínú ìgò kan tí kò ga tó ìka. Mo kán an sí imú. Lójú ẹsẹ̀, imú mi là gbalaja. Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ní oṣù kẹta, mi ò lè kúrò níbì kan láìmú un dání, nítorí bí agbára rẹ̀ bá ti lọ, ṣe ni imú mi ń dí bí ẹni fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀ pé oògùn náà gan-an ló ti ń dí i.

Èwo ló wá dé ọwọ́ rẹ báyìí, Rúkáyátù? Mo rí ìgò kékeré náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo rẹ. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọ̀tá rẹ̀ àtijọ́. Jù ú nù! Èyí tí wọ́n tilẹ̀ ń tà ní ilé oògùn gidi, ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n ní kí á fi lò ó. Èyí tí alákiri ń tà, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì ló le jù, mo sì ti pa á mọ́ fún ọ láti kékeré.

Àpá tó wà ní ọrùn ọwọ́ òsì rẹ kì í ṣe ti áyọ́ọ̀nù. A máa ń sọ pé Mùbáráàkù ẹ̀gbọ́n rẹ ló fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná sílẹ̀ níbi tí o ń rá kiri sí. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á, Mùbáráàkù kò sì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ, kò mọ bí yóò ṣe jà fún ara rẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, nígbà tí oògùn kíkán kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnì kan júwe oògùn oníhóró kan fún mi, kékeré, oní-yẹ́lò. Ó ń dá sísín dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń kun èèyàn lóorun bí ẹni mu ọtí. Ọ̀kan ni wọ́n ní kí n lò. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sín mi títí orí fi ń fọ́ mi, mo lo méjì. Mo gbé omi kaná lórí ààrò èédú, mo gbé ọ sílẹ̀ lórí ẹní, mo ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀.

Igbe rẹ ló jí mi. Kódà, kì í ṣe igbe rẹ àkọ́kọ́. Aládùúgbò wa ti sá wọlé, ó ti gbé ọ kúrò nídìí ààrò tó jó ọ lọ́wọ́, ó ń pe orúkọ mi, mi ò sì tètè lajú. O kò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́wàá. Bí ìkòkò omi yẹn bá dànù sí ọ lára ni, ìwé yìí kì bá tí sí.

Mo ti pe Mùbáráàkù lálẹ́ àná, mo ti tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá, mo ti mọ̀ tipẹ́ pé mi ò fọwọ́ kan áyọ́ọ̀nù kankan." Ìwọ náà, mo bẹ̀ ọ́. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ. Ìtìjú ló mú mi fi àìsàn pamọ́, àìsàn tí mo fi pamọ́ ló sì jó ọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tèmi kò tilẹ̀ dúró lórí èmi nìkan, ó dé ara ọmọ mi.

Níbi tí wọ́n ti ń di ojú ọgbẹ́ rẹ ni mo ti pàdé ẹni tó là mí lójú, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan, ọmọ ẹ̀yà Gà, tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó bi mí ìdí tí mo fi sùn tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ imú mi wò, ó bi mí léèrè ìgbà tó máa ń ṣe mí àti ibi tí mo máa ń wà.

Ó ní, "Maame, aléjì ni."

Mo ní, "Alhaji wo? Kí ni ó fi mí ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá ṣàlàyé. Ó ní nǹkan kan wà tó rí bí ìyẹ̀fun, tó kéré débi pé ojú kì í rí i, tó ń fò láti ara òdòdó koríko àti igi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fà á símú, nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ara àwọn kan ń ṣì í mọ̀, ó ń rò pé ọ̀tá ló wọlé, ó wá ń da omi jáde, ó ń sín, ó ń yún, kí ó lè lé e. Ó ní eruku ilé àti ti ọyẹ́ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé ó ń ranni?" Ó ní, "Bí ẹ bá sín sí mi lójú láti àárọ̀ di alẹ́, èyí kò lè ràn mí." Mo rántí Mémúnà, mo bo ojú mi.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn. N kò ní í tò ó bí oníwàásù. Bí ó ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni màá kọ ọ́.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe ọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kò ṣe ọ́. Ọ̀fìnkìn lásán á dé, á mú ara gbóná díẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tó pé á ti lọ. Tìrẹ kì í mú ara gbóná. Omi imú rẹ mọ́ gaara, ojú ń yún ọ, ó sì ń pẹ́ tó bí òdòdó koríko bá ṣe pẹ́ tó. Ikọ́ ife ní tirẹ̀, ikọ́ tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹni náà á máa rù, á máa làágùn lóru, nígbà mìíràn á tutọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣe ọ́ tàbí ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ó ní oògùn, ó sì ń lọ. Nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ló ń gbé ikọ́ ife, kì í ṣe àwo tàbí kọ́ọ̀bù. Ẹni tó ní in gan-an, èèyàn ni, kò yẹ kí á so òwú mọ́ nǹkan rẹ̀.

Kúrò lẹ́yìn ilé yẹn. Kí Sùlé wá ẹni tí yóò ro koríko náà, kí ó má sì jẹ́ kí ó tún yọ òdòdó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ro ó, wá sí Nima, kí o sùn lọ́dọ̀ mi. Láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, ti fèrèsé apá ibẹ̀. Má sá aṣọ sẹ́yìn ilé mọ́, pàápàá aṣọ ìbùsùn àti híjáàbù, nítorí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun yẹn dání wá sórí ìrọ̀rí rẹ. Bí o bá ti òde dé, bọ́ aṣọ, fọ ojú. Àkísà tútù ni kí o fi nu ilé, má fi ìgbálẹ̀ da eruku sókè. Ojú tó bá ń yún ọ, má fi ọwọ́ ra á, omi tútù ni kí o fi bọ̀ ọ́. Pa básílíìnì díẹ̀ sí etí ihò imú. Àti tùràrí tí Àǹtí ń sun láti lé àìsàn jáde! Èéfín yẹn ń dá kún un ni. Bẹ̀ ẹ́ kí ó dá a dúró.

Ní ti oògùn, ọsibítù ni kí o ti gbà á. Sọ fún wọn pé èyí tí kì í mú oorun kun èèyàn ni o fẹ́. Oògùn kan tún wà tí wọ́n ń fín sí imú, òun ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Kì í ṣe oògùn kíkán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, kì í sì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Èmi, ó tó ọjọ́ mẹ́wàá kí n tó gbádùn rẹ̀. Bí o bá ń fín in, yí ẹnu rẹ̀ sí apá etí, má kọjú rẹ̀ sí àárín imú, kí ó má baà mú imú ṣẹ̀jẹ̀. Tí a bá ti mọ àsìkò tí koríko ń tanná, máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣáájú, má dúró kí sísín kọ́kọ́ dé. Bí Ọlọ́run bá sì fún ọ ní oyún, sọ fún wọn kí o tó lo ohunkóhun. Ọ̀kan tí mi ò fẹ́ kí o fi ṣeré: bí àyà bá ń fún ọ, tí mímí rẹ ń dún bí fèrè, má dúró de ọjọ́ kejì.

Mo ti pe Sùlé. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Okaishie lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín àwọn ike àti abọ́ tí mò ń tà. Mi ò gbé àga fún un.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà."

Mo ní, "Sùlé, ìyàwó lo fẹ́ tàbí àlejò ẹ̀yìn ilé?"

"Ìyá, mo bi í. Ó ní kò burú, ó ní òun fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé."

"O sì gbà á gbọ́?"

Ó ní, "Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà á gbọ́."

Ó kéré tán, kò purọ́. Ìwọ lo purọ́, Àníkẹ́. O fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ilé! Níbo lo ti kọ́ ìyẹn? Níbi tí mo ti kọ́ ọ ni. Mo ti sọ fún ọ ibi tó gbé mi dé. Má bo ọkọ rẹ lójú mọ́. Bí ohun kan bá dùn ọ́, sọ ọ́ fún un nígbà tí kò tíì pọ̀ jù.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Àǹtí Sàfúrà pè mí. Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ fún un, ọ̀rọ̀ tí yóò gún un. Ó ṣáájú mi.

Ó ní, "Ìyá Mùbáráàkù, ikọ́ ife ló pa àbúrò mi, ìyá Sùlé. Gbogbo wa sọ pé ọ̀fìnkìn lásán ni. A ń rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wẹ òkú rẹ̀."

Ọmọ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò jọ tú ká. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi. Ó gbọ́. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Mo ní ìyẹn dára. Lọ́la, Ọjọ́bọ̀, ìwọ, Sùlé àti òun ni ẹ jọ ń lọ sí ọsibítù. Kí wọ́n yẹ àyà rẹ wò níwájú rẹ̀, kí ẹ̀rù lè kúrò lára obìnrin náà. Mi ò tíì dárí jì í tán o, jẹ́ kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù ń bà yàtọ̀ sí ìkà, ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gbé. Máa bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n inú ilé ni kí o ti máa bọ̀wọ̀ fún un, lórí ẹní kan náà, nídìí àwo kan náà.

Bí o bá ti jókòó tì wọ́n, tí sísín bá gbọ̀n ọ́, má sá jáde, má sì fi ọwọ́ fún imú pa. Fi ìborùn bo ẹnu, kí o sín in tán. Lẹ́yìn náà, sọ "Àlùhámúdùlíláì" sókè, kí gbogbo ilé gbọ́. O mọ̀ pé ẹ̀tọ́ ni fún ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ṣàdúrà àánú fún ẹni tó sín. Kí o sì dúró, kí o wo ojú wọn, títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn.

Èmi ìyá rẹ tó ń bínú nítorí ìfẹ́,
Àṣàkẹ́